Ṣóńṣó kẹfà lórí eyín ẹ̀yìn àwọn ìbejì mi: ṣé àbùkù ni?

Ìyá Ìbejì Ayétòrò (Ọjọ́bọ̀, 8:52 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ eyín ọmọ ló gbé mi wá síbí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó bá mi dá sí i, nítorí oorun ò kun ojú mi láti ìjẹta.

Ìbejì ọkùnrin ni mo bí. Ojú kan náà ni wọ́n gbé wáyé, kódà bàbá wọn ṣì máa ń ṣi wọ́n pè. Wọ́n á pé ọmọ ọdún 4 lóṣù tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ikọ́ ń ṣe Táyé, mo bá gbé e lọ sílé ìwòsàn kékeré kan láàrin ìlú. Nọ́ọ̀sì ní kó yanu kí òun wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Bó ṣe tan tọ́ọ̀ṣì sí i báyìí, ló bá ní: "Ìyá Ìbejì, irú eyín wo lèyí? Eyín ń hù lórí eyín!" Ó mú mi lọ síwájú àwòrán kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó ní kí n ka ṣóńṣó tó wà lórí eyín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀. Mo kà á, márùn-ún ni: mẹ́ta níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́, méjì níhà ahọ́n. Ti Táyé jẹ́ mẹ́fà. Ó ní àbùkù ni, pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi fáìlì rẹ́ ẹ kúrò kó tó ba eyín àgbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ó sì dá iye owó rẹ̀ fún mi.

Nígbà tí mo délé, mo tẹ́ àwọn méjèèjì sórí itan níkọ̀ọ̀kan, àǹtí wọn bá mi tan iná fóònù sí i. Ohun tí mo rí rèé. Ó wà lórí eyín tó gbẹ̀yìn pátápátá nísàlẹ̀. Láàrin ṣóńṣó méjì tó wà níhà ahọ́n, èyí kékeré kan yọrí, kò tó orí ìṣáná, ó funfun bíi ti àwọn yòókù, ó sì mú díẹ̀ tí mo bá fi èékánná kàn án. Ti Táyé wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì. Ti Kẹ́hìndé, òsì nìkan ló ti hàn dáadáa. Lọ́tùn-ún, ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹnìkan fẹ́ mọ òkìtì kékeré tó wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí.

Ìyá ọkọ mi ní kí n gbé e jẹ́ẹ́, pé ìbejì ò ní ṣe kó má mú nǹkan bọ̀ láti ọ̀run. Àǹtí wọn ní ká yáa wá owó fáìlì. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé mo lo oògùn ibà nígbà tí oyún wọn wà ní oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún. Ṣé òun ló fà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Ọmọ Aláró Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun (Ọjọ́bọ̀, 9:20 alẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ má rẹ́ nǹkan kan o! Nígbà tí a wà ní kékeré, wọ́n rẹ́ eyín iwájú àbúrò mi nítorí pé ó gùn ju èkejì lọ. Láti ìgbà náà ni kò ti lè mu omi tútù ní àmugbádùn. Ẹ dúró kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dé.

Bàbá Ewé (Ọjọ́bọ̀, 10:05 alẹ́)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àbójútó. Lójú tèmi, kòkòrò eyín ló ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ẹ wá orín ata tútù, ẹ lọ ọ́, kí ẹ máa fi ra á ní àárọ̀ àti alẹ́ fún ọjọ́ méje. Orín ata ti ṣe ọ̀pọ̀ eyín lóore.

Olùtọ́jú Eyín Òkè-Fìà (Ọjọ́ Ẹtì, 6:35 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀, Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ìtọ́jú eyín ni iṣẹ́ mi, Òṣogbo níbí ni mo ti ń ṣe é, ẹnu ọmọdé ni mo sì ń wò jù. Kí n tó sọ ohunkóhun: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fáìlì kan eyín yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ eyín tí à ń sọ. Eyín ọmọdé jẹ́ 20. Mẹ́jọ nínú wọn ni eyín ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ, méjì-méjì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹnu. Àkọ́kọ́ sábà máa ń yọ láàrin oṣù 13 sí 19, èkejì láàrin oṣù 23 sí 33. Èkejì ti ìsàlẹ̀ ni ẹ̀ ń wò yẹn.

Oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní ìwà tirẹ̀, mo sì fẹ́ràn wọn débi pé mo lè fi gbogbo àárọ̀ yìí sọ ọ́. Àkọ́kọ́ ti ìsàlẹ̀ ò jọ eyín kankan lẹ́nu ènìyàn, ìbáà ṣe ti ọmọdé tàbí ti àgbà. Ó ní kókó kan níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítòsí ẹran ìdí eyín, tí wọ́n fi orúkọ Zuckerkandl, onímọ̀ ara ènìyàn ará Austria, pè. Àkọ́kọ́ ti òkè ni kì í dúró sójú kan. Mo ti rí ẹlẹ́ṣóńṣó méjì, mo ti rí ẹlẹ́mẹ́ta, mo ti rí ẹlẹ́mẹ́rin, lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn èkejì ni wọ́n fara jọ eyín àgbà. Èkejì ti ìsàlẹ̀ yìí, àfi bí àwòrán kékeré eyín àgbà tí yóò yọ sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún 6. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ rẹ́ ẹ ni pé awọ líle tó bo eyín ọmọdé kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ. Ti àgbà nípọn jù ú lọ dáadáa. Lábẹ́ awọ yẹn, mùdùnmúdùn tó gbé ẹ̀jẹ̀ àti ìmọ̀lára dání tóbi, ó sì na orí sókè sínú àwọn ṣóńṣó. Ẹni tó bá fi fáìlì wọ ibẹ̀ lè já sí i lórí, ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe á wá di ọmọ tí eyín ń dùn mọ́jú. Eyín àgbà tó wà lábẹ́ ńkọ́? Èyí tó máa rọ́pò rẹ̀ láàrin ọdún 10 sí 12 kéré jù ú lọ, ẹlẹ́ṣóńṣó méjì tàbí mẹ́ta ni, ìrísí ti ọmọdé kì í sì í ràn án.

Lórí oògùn ibà, ẹ fọkàn yín balẹ̀. Òótọ́ ni pé inú oyún ni eyín wọ̀nyí ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í le, láti nǹkan bí oṣù kẹrin, èkejì kì í sì í parí orí rẹ̀ títí ọmọ á fi lo nǹkan bí oṣù 10 tàbí 11 láyé. Kódà tí wọ́n bá gé eyín ọmọdé pẹlẹbẹ tí wọ́n gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ àmì ọjọ́ tí wọ́n bí i. Nítorí náà àìsàn líle tàbí àwọn oògùn kan lè fi àmì sí eyín. Ṣùgbọ́n irú àmì bẹ́ẹ̀ máa ń rí bíi kòtò wẹ́wẹ́, tàbí ìlà tó jìn wọnú, tàbí àwọ̀ tó dà bí omi tíì. Kì í mọ ṣóńṣó tó dán, tó mọ́ tónítóní, tó jókòó sáàrin èjì láìṣìnà.

Báwo wá ni ṣóńṣó ṣe ń wáyé? Nígbà tí eyín ṣì rọ̀ nínú egungun àgbọ̀n, ìdì kékeré kan máa ń kóra jọ nínú rẹ̀ tó ń pàṣẹ fún àwọn tó yí i ká pé kí wọ́n dàgbà. Ibi tí ìdì náà bá wà ni ṣóńṣó máa bọ́ sí. Ìdì kan kì í sì í jẹ́ kí òmíràn yọ nítòsí òun. Ẹ wo ìyá alákàrà: bó bá ti da ẹyọ kan sínú epo, kò ní da òmíràn lé e lórí, ó dìgbà tí àyè bá wà láàrin. Tí agbada bá fẹ̀ díẹ̀ sí i, tàbí tí àkàrà bá kéré díẹ̀, ọ̀kan sí i á wọ àárín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu Táyé nìyẹn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ jẹ́ ìbejì ẹyin kan, àbùdá kan náà ni wọ́n gbé wá, àyè inú agbada kì í ṣe déédéé délẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí ti Kẹ́hìndé lọ́tùn-ún fi fẹ́ yọ tí kò yọ tán.

Bàbá Ewé, ẹ má bínú sí mi, sà. Mo mọ iyì orín ata, àmọ́ kòkòrò kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Eyín tó bá ń jẹrà máa ń dúdú, á rọ̀, á lu. Kì í yọrí sókè.

Ìyá Ìbejì Ayétòrò (Ọjọ́ Ẹtì, 7:10 àárọ̀)

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an, Dókítà. Mo ka ọ̀rọ̀ oògùn ibà yẹn sókè fún bàbá wọn, omijé bọ́ lójú mi. Mo ti ń dá ara mi lẹ́bi láti Ìṣẹ́gun.

Ó ku ìbéèrè méjì. Kí ló dé tí àwòrán ara ògiri fi jẹ́ ẹlẹ́ṣóńṣó márùn-ún tó bá jẹ́ pé mẹ́fà náà dára? Ṣé àwa nìkan ni eyín wa máa ń rí báyìí?

Ọmọ Aláró Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun (Ọjọ́ Ẹtì, 7:31 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Kí n fi kiní kan kún un: nílé wa, èrìgì ni ìyá mi àgbà ń pe eyín ẹ̀yìn. Ìgbà tí mo dé ilé ìwé ni mo gbọ́ pé ẹran ìdí eyín ni àwọn ẹlòmíràn ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣé bó ṣe rí níbòmíràn náà nìyẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Egungun Àtijọ́ (Ọjọ́ Ẹtì, 1:15 ọ̀sán)

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè Ìyá Ìbejì ló mú mi wọlé, nítorí òun gan-an ni mò ń kà ní Ìbàdàn, ìdí Ọjà Ìgbọ̀nà ni wọ́n sì bí mi sí. (Ọmọ Aláró, ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n ń gbà lo èrìgì. Èmi á yáa máa sọ pé "eyín ẹ̀yìn", kí ó má baà rú wa lójú.)

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ orúkọ kiní ẹnu Táyé. Kẹfà ni ẹ kà á sí, ṣùgbọ́n ìkeje ni àwọn onímọ̀ eyín ń pè é. Nọ́ńbà wọn dà bí oyè láàfin. Ọ̀tún ò ní di Òsì nítorí pé àga ẹnìkan ṣófo. Àga ìkẹfà wà lẹ́yìn pátápátá, ìhà ọ̀fun, àga ìkeje wà láàrin àwọn méjì ìhà ahọ́n. Ti Táyé jókòó sórí àga ìkeje, àga ìkẹfà ṣófo lẹ́nu rẹ̀.

Òun nìkan kọ́ ni irú ẹ̀. Lára èkejì ti òkè, níhà òkè ẹnu, àwọn ọmọ kan máa ń ní òkè kékeré kan ní igun iwájú. Georg Carabelli, dókítà eyín tó ṣiṣẹ́ ní Vienna, kọ nípa rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1842, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é títí di òní. Ó lè jẹ́ kòtò lásán, ó lè jẹ́ ìlà, ó lè jẹ́ ṣóńṣó gidi. Ó wọ́pọ̀ gan-an láàrin àwọn ará Yúróòpù. Òmíràn wà níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ lára eyín ìsàlẹ̀, òmíràn sì jẹ́ ẹsẹ̀ òkè kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú eyín, tó wá ṣẹ́ kọ́rọ́ láàárín ọ̀nà bí ọ̀nà oko. Àwọn méjì yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ Japan.

Báwo la ṣe mọ̀? Kí ó má baà jẹ́ pé ohun tí ẹnìkan ń pè ní ṣóńṣó ni ẹlòmíràn ń pè ní ìlà, Albert Dahlberg ní Chicago ṣe àwòkọ eyín àgbà tí wọ́n fi símẹ́ńtì funfun dà, ní 1956, láti èyí tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ dé èyí tó yọ jù. Kazuro Hanihara, ọmọ Japan, ṣe ti eyín ọmọdé ní 1961. Ẹ gbé èyí lọ́wọ́ kan, ẹ mú eyín ọmọ lọ́wọ́ kejì, ẹ wo ibi tó bọ́ sí. Hanihara gbé e lọ wo ti àwọn ọmọ Japan, ti àwọn Pima tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, àti ti àwọn ọmọ tí ìyá wọn jẹ́ ará Japan tí bàbá wọn jẹ́ ará Amẹ́ríkà. Ní 1991, Turner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Arizona kó ti eyín àgbà jọ sójú kan, òun ni gbogbo ayé ń lò báyìí.

Lórí ṣóńṣó ìkeje: lára eyín àgbà àkọ́kọ́ ti ìsàlẹ̀, ó wà lẹ́nu nǹkan bí 25 sí 40 nínú 100 èèyàn ní ilẹ̀ Áfíríkà ìhà gúúsù Sàhárà. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn lágbàáyé, kì í sábà ju 10 nínú 100 lọ. Lára eyín ọmọdé, ó tún máa ń pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti níhìn-ín àti níbòmíràn. Ìdáhùn sí ìbéèrè yín kejì nìyẹn, Ìyá Ìbejì: àwa nìkan kọ́, àmọ́ ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ti àwòrán ògiri, kò parọ́. Eyín kan ni wọ́n wò tí wọ́n yà á, eyín àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n sì sábà máa ń wò. Ibi tó ti di ìṣòro ni ìgbà tí ẹnìkan bá fi eyín kan ṣe òṣùwọ̀n fún ẹnu gbogbo ọmọ Òṣogbo.

Tísà Àgbà (Ọjọ́ Ẹtì, 4:48 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ka gbogbo ohun tí ẹ kọ tinútinú. Àmọ́ ẹ̀rù kan ń bà mí, mi ò sì ní gbé e mì.

Ní 1885, William Henry Flower, ará Gẹ̀ẹ́sì, wọn eyín ẹ̀yìn àwọn ènìyàn, ó pín aráyé sí ọ̀nà mẹ́ta: eléyín kékeré, eléyín àárín, eléyín ńlá. Ó fi àwọn ará Yúróòpù sí ti àkọ́kọ́, ó fi àwa aláwọ̀ dúdú sí àárín, ó fi àwọn ọmọ onílẹ̀ Australia sí ìkẹta. Láyé ìgbà yẹn, irú ìwọ̀n báyìí ni wọ́n fi ń to èèyàn bí ẹni to àtẹ̀gùn, ẹ sì mọ ẹni tí wọ́n gbé sókè. Tí a bá wá ń sọ lónìí pé "eyín ará Áfíríkà", "eyín ará Japan", báwo la ṣe máa yàgò fún ọ̀nà yẹn? Mo fẹ́ kí ọmọ wa yìí dá mi lóhùn, nítorí ìbejì ọmọ ọdún mẹ́ta ló wà lórí itan níbí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Egungun Àtijọ́ (Ọjọ́ Ẹtì, 7:02 alẹ́)

Ẹ ṣé, Bàbá. Ìbéèrè tó yẹ kí a máa bi ara wa lójoojúmọ́ ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rọ̀ mọ́ ni pé iye ni, kì í ṣe ààlà. Ká ní mo to 100 àgbàlagbà Òṣogbo, tí 40 nínú wọn ní ṣóńṣó ìkeje, 60 ni kò ní i, ọmọ Òròkí sì ni gbogbo wọn. Ẹ wá mú ẹnìkan ní London tí gbogbo ìran rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè ní i. Tí wọ́n bá gbé eyín kan ṣoṣo fún mi láìsọ ibi tí wọ́n ti rí i, mi ò gbọ́dọ̀ sọ pé ọmọ ibi báyìí ló ni ín. Tó bá jẹ́ eyín ọgọ́rùn-ún ènìyàn, tí mo sì wo oríṣiríṣi àmì pọ̀, nígbà náà ni mo tó lè sọ pé àwọn wọ̀nyí bá àwọn kan tan.

Èkejì, kò sí èyí tó sàn ju èkejì nínú àwọn ìrísí yìí. Ní apá ìlà oòrùn Éṣíà, eyín iwájú ọ̀pọ̀ èèyàn jìn lẹ́yìn bíi ṣọ́bìrì. Aleš Hrdlička kọ nípa rẹ̀ ní 1920. Ní 2009 àwọn onímọ̀ Japan fi hàn pé àbùdá kan tó ń jẹ́ EDAR lọ́wọ́ sí i, àbùdá yẹn kan náà ló sì ń mú irun wọn nípọn. Kì í ṣe ọgbọ́n, kì í ṣe agbára. Ọ̀nà tí ara gbà mọ nǹkan ni.

Ẹ̀kẹta ló mú mi yan iṣẹ́ yìí. Ọmọ Taung, agbárí ẹ̀dá àtijọ́ kan tó ti di òkúta, tí wọ́n rí ní South Africa ní 1924, tí Raymond Dart kọ nípa rẹ̀ ní 1925, ọmọ kékeré ni. Gbogbo eyín ọmọdé rẹ̀ pé sẹ́nu, àkọ́kọ́ eyín àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ní Aramis, ní Ethiopia, lára ohun tí wọ́n tẹ̀ mọ́ jù nígbà tí wọ́n kéde ẹ̀dá àtijọ́ tí à ń pè ní Ardipithecus ramidus lónìí, ní 1994, ni eyín ọmọdé kan ṣoṣo: eyín ẹ̀yìn àkọ́kọ́ ti ìsàlẹ̀. Èyí tí Dókítà wa sọ pé kò jọ eyín kankan yẹn náà ni. Ìrísí rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n rí bí ẹ̀dá náà ṣe súnmọ́ ìnàkí tó àti bó ṣe súnmọ́ wa tó. Ilẹ̀ Áfíríkà ni méjèèjì ti jáde. Bàbá, tí àwa náà ò bá kọ ohun tó wà lẹ́nu àwọn ọmọ wa sílẹ̀, àwòrán ògiri ẹlòmíràn ni wọ́n á máa fi wọ̀n wá lọ.

Ìṣòro wa ni pé eyín ọmọdé kì í dúró. Orí òrùlé ló ń lọ.

Tísà Àgbà (Ọjọ́ Ẹtì, 7:40 alẹ́)

Mo gbọ́, ọmọ mi, mo sì gbà. Lórí "iye ni, kì í ṣe ààlà", ìyẹn tọ́ kí a kọ ọ́ sára ògiri yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ti orí òrùlé yẹn, òtítọ́ ni. A ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tó iye ọdún wa, a ó dì í mọ́ eyín, a ó jù ú sórí páànù, a ó sì sáré wọlé kí alángbá má baà rí i. Wọ́n ní bó bá rí i, òmíràn ò ní hù mọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí dọ́ba nígbà èwe mi.

Ọmọ Òròkí ní Tokyo (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:20 àárọ̀)

Ẹ kú òwúrọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀rọ̀ yìí kan mí. Nígbà tí ọmọbìnrin mi wà ní ọdún 5, dókítà eyín níbí fi dígí kékeré wo ẹ̀yìn eyín iwájú rẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò, ó ní kí n dúró. Àyà mi já. Ó lọ gbé àwòkọ eyín ọmọ tirẹ̀ wá, ó fi ìka mi sẹ́yìn eyín náà: ó jìn, etí rẹ̀ méjèèjì ga. Ó ní kí n fi ìka kan ti ọmọ mi: ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìdí tí òun fi ń wò ó nìyẹn, pé ti ọmọ mi ni kò wọ́pọ̀ níbí. Kò sọ pé kí wọ́n kọ́ etí sí i. Ìyá Ìbejì, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Ayétòrò (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:15 àárọ̀)

Ẹ ṣeun, àbúrò mi. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín níbẹ̀.

Dókítà, ṣé nǹkan kan wà tó yẹ kí n máa ṣe sí eyín náà, àbí kí n kàn fi í sílẹ̀?

Olùtọ́jú Eyín Òkè-Fìà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:30 àárọ̀)

Ó wà, Ìyá Ìbejì. Ṣóńṣó kò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ níbi tí ṣóńṣó bá ti pọ̀, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń pọ̀ láàrin wọn, ibẹ̀ ni bisikíìtì àti súìtì ń sá pamọ́ sí. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ máa fọ̀ ọ́ fún wọn, ọmọ ọdún 4 ò lè fọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì, tí kò ju hóró ẹ̀wà kékeré lọ. Ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ, ẹ gbé orí rẹ̀ lé àyà yín, ẹ jẹ́ kí irun búrọ́ọ̀ṣì wọ ìhà ahọ́n, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ kẹ́yìn kí wọ́n tó sùn. Tí kòtò náà bá jìn jù, ohun kan wà tí a máa ń dà sí i tó ń le bíi gúlúù, kì í dun ọmọ, a kì í sì í gbẹ́ nǹkan kan.

Ìrísí eyín ní ìwúlò mìíràn lẹ́nu iṣẹ́ wa. Bí eyín ẹ̀yìn ọmọ bá bàjẹ́ gan-an, a máa ń fi fìlà irin bò ó. Inú páálí ni fìlà náà ti ń wá, wọ́n ti mọ ọ́n tán, nọ́ńbà-nọ́ńbà bíi bàtà. Kókó Zuckerkandl tí mo sọ lánàá máa ń dènà rẹ̀ lára àkọ́kọ́ ti ìsàlẹ̀. Mo ti lo ìdajì wákàtí rí tí mò ń fi ẹ̀mú tẹ etí fìlà kan kó lè gba orí kókó ọmọ kan kọjá. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé eyín yàtọ̀ síra á ní ọmọ ló ń yọ òun lẹ́nu.

Mo ní kí ẹ fi kiní kan sọ́kàn lánàá. Eyín yìí àti eyín àgbà àkọ́kọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìdílé kan ni wọ́n. Ohun tó bá wà lórí èyí sábà máa ń hàn lórí ìyẹn. Bó bá jẹ́ àbímọ́ ni, ẹ wo ẹnu àwọn àgbà ilé yín: ẹ ka eyín ìsàlẹ̀ láti àárín iwájú lọ sẹ́yìn, ìkẹfà ni kí ẹ wò, níhà ahọ́n.

Ìyá Ìbejì Ayétòrò (Ọjọ́ Àìkú, 9:03 alẹ́)

A ti wò ó o! Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, iná NEPA wà, mo ní kí gbogbo ilé yanu. Mo kọ́kọ́ wo ẹnu ìyá ọkọ mi. Eyín Màmá ti jẹ tẹ́ pẹrẹsẹ, egungun ẹran àti èkùrọ́ ọdún pípẹ́ ti lọ gbogbo ṣóńṣó rẹ̀ dà nù, kò sí nǹkan kan tí a lè kà níbẹ̀. Tèmi: márùn-ún géérégé bíi ti ara ògiri. Bàbá wọn ò fẹ́ yanu, Táyé ló gun orí itan rẹ̀ tó fi ọwọ́ fà á lẹ́nu.

Ó wà níbẹ̀, Dókítà. Ìkẹfà, ìsàlẹ̀, ọwọ́ òsì, láàrin àwọn méjì ìhà ahọ́n. Mo fi èékánná kàn án bí mo ṣe fi kan ti Táyé. Lọ́tùn-ún kò sí, àfi ìlà kékeré kan, bíi ti Kẹ́hìndé. Ó ti lé ní 35 ọdún tó ti ń fi í jẹun, kò mọ̀ pé ó wà lẹ́nu òun. Ìyá rẹ̀ gbé fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó fúnra rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì wọn láti orí bàbá dé orí ọmọ.

Mo fẹ́ kó àwọn méjèèjì wá kí ẹ bá mi wo kòtò yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́, tí ẹ bá fẹ́ fi símẹ́ńtì funfun yẹn gba àwòkọ tiwọn, bàbá wọn ti gbà, ó ní kí ẹ gba ti òun náà.

Olùtọ́jú Eyín Òkè-Fìà (Ọjọ́ Àìkú, 9:26 alẹ́)

Ẹ kó wọn wá lọ́jọ́rú, láàárọ̀ kùtù, kí ilé tó kún. Ẹ má fún wọn ní oúnjẹ tó wúwo ṣáájú, nítorí ohun tí a fi ń gba àwòkọ tutù, ó sì máa ń rin ọmọ lọ́fun díẹ̀. Ti Kẹ́hìndé ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yẹn ni.